Ẹni Tí Wọ́n Dá Ló Ṣiṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Olólùfẹ́ Kan lórí Ìjàkadì WWE

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú àpéjọ.

Kí n tó dé orí pẹpẹ yìí ni bàbá kan ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìjàkadì òyìnbó. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan: ṣé wọ́n ń jà lóòótọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń fi wá ṣeré?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé ná, ojú gbogbo èèyàn ni màá ti dá yín lóhùn." Ìlà kejì níbẹ̀ yẹn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ká apá mọ́ra, wọ́n ń wò mí.

Bàbá, wọn kì í jà. Kí wọ́n tó jáde síta ni wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí. Àwọn kan wà lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pinnu pé lágbájá ni yóò dá làkáṣègbè. Àwọn tó ni ín gan-an ò fi pamọ́ mọ́. Ní 1989, ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní WWE lónìí, tó ń jẹ́ WWF nígbà náà, sọ ọ́ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìnàjú ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, torí wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti òfin tó de àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Owó ló tú àṣírí awo.

Ẹ má tíì dìde o, mi ò tíì ṣe tán. Ní ìlú Ẹdẹ, bí ọdún Ọbàtálá bá dé, Ajagẹmọ àti Olúnwí a máa jà ní gbangba. Ọdọọdún ni Olúnwí ń borí. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú Ajagẹmọ lọ, ọdọọdún ni ọba ń rà á padà. Kò sí ẹni tó jáde nílé lọ wò ó tí kò mọ ibi tí yóò parí sí, síbẹ̀ wọ́n ń jáde. Ta lẹ gbọ́ rí tó dìde láàárín èrò pé, "Irọ́ ni, wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀"? Eégún náà ńkọ́? Ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí, gbogbo ọmọdé ló mọ ẹsẹ̀ káfíńtà tó wà lábẹ́ aṣọ eégún, torí àtàǹpàkò rẹ̀ kan tí òòlù ti fọ́. Bó bá yọ pàṣán, a ò ní sá ni? A óò sá! A ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, a ṣì ń sá.

Nítorí náà, ìbéèrè Bàbá dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo máa ń bi ara mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo máa ń bi ara mi, àti ẹni tí mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, bọ̀dá mi a máa yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ́jọ́ Sátidé. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà kọ títí tí àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Hulk Hogan, Ultimate Warrior, Undertaker, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Màmá Àgbà ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ oníkálukú lórúkọ. Hogan ni "Apárí Onírunmú." Undertaker ni "Bàbá Pósí." Àwa ọmọdé mọ̀ pé áàkítọ̀ wà, bọ́ọ̀sì sì wà, áàkítọ̀ ni tiwa. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé àga láti fi lu áàkítọ̀ lẹ́yìn, tí rẹfirí kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, Màmá Àgbà á lọgun: "Rẹfirí! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Wẹ̀yìn ẹ!" Lọ́jọ́ kan wọ́n bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì, wọ́n sọ ọ́ lu tẹlifíṣọ̀n. Bọ̀dá mi fò dìde, ó ní, "Màmá, eré ni o!" Wọ́n wò ó tìyanutìyanu, wọ́n ní, "Ṣé mi ò mọ̀ ni?"

Ohun tó wá jọ mí lójú ni pé bí ìjà bá parí, tí àwa ń fò sókè pé áàkítọ̀ borí, Màmá Àgbà kì í wo ẹni tó borí. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní, "Èyí tó ṣubú yẹn, ṣé ó ti dìde?" Wọn ò ní jẹ́ kí a pa fídíò títí wọn ó fi rí i pé ó dìde.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo sì wá mọ̀ pé Màmá Àgbà ló ń wo ibi tó yẹ. Ẹni tí wọ́n dá ló ṣiṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wò ó nígbà tí wọ́n bá gbé ọkùnrin kílò 120 sókè: ẹni tí wọ́n ń gbé ló kọ́kọ́ fò. Òun ló fi ọwọ́ lé èjìká ẹni tó ń gbé e, òun ló sọ ara rẹ̀ di fífúyẹ́. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, àwọn méjèèjì á tẹ́ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Bó bá wá ń bọ̀ nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má kan ilẹ̀, kó na apá méjèèjì, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀, kí gbogbo ẹ̀yìn gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró "gbì!" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe tìmùtìmù ni wọ́n ṣubú lé. Irin ló wà nísàlẹ̀, pákó wà lórí irin, fóòmù tín-ín-rín wà lórí pákó, kánfáàsì ló bò ó. Wọ́n ti pinnu ìparí ìjà, ṣùgbọ́n wọn ò lè bá pákó ṣe àdéhùn.

Èyí ni mo fi ń wọn gbogbo ìran tí mo bá wò: ẹni tó ṣubú, báwo ló ṣe ṣubú, kí sì ni ìṣubú rẹ̀ fún ẹni tó dá a?

Ẹ mú WrestleMania 40, àpéjọ tó tóbi jù tí WWE ń ṣe lọ́dọọdún, ọjọ́ 6 àti 7 oṣù kẹrin 2024, ní pápá Lincoln Financial Field ní Philadelphia. Ọ̀gànjọ́ ni ní tiwa níhìn-ín. Lálẹ́ kejì, Cody Rhodes gba bẹ́líìtì àgbà, àmì ẹni tó jẹ́ ọ̀gá, lọ́wọ́ Roman Reigns tó ti gbé e fún ọjọ́ 1,316. Bàbá tó bí Cody, Dusty Rhodes, òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó kú láì gba bẹ́líìtì àgbà WWE. Ọmọ wá fẹ́ lọ mú ohun tí bàbá ò rí mú. Ìtàn tí ọmọ Yorùbá kankan ò nílò kí wọ́n tú fún un nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe alẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ọdún kan ṣáájú, ní WrestleMania 39, gbogbo wa ti jókòó pé Cody ló máa gbà á. Solo Sikoa, ìbátan Roman, yọ́ wọlé, ó fi àtàǹpàkò gún un lọ́rùn, Roman dá a, ó parí. Mo bínú débi pé mo ní mi ò wo WWE mọ́ láyé mi. Ìbínú náà pé ọjọ́ mẹ́ta. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, ní oṣù kẹfà 2022, iṣan àyà ọ̀tún Cody ti já, ó sì jáde bẹ́ẹ̀ láti bá Seth Rollins jà nínú àgò irin. Nígbà tó bọ́ aṣọ, gbogbo àyà ọ̀tún yẹn dé apá ti dúdú bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó rántí bó ṣe borí. Bó ṣe ń ṣubú lórí àyà yẹn ni gbogbo wa rántí.

Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹrin yẹn, àwọn tó dá sí ìjà pọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ni: Jimmy Uso, Jey Uso, Solo, John Cena, àti The Rock tó wà lẹ́yìn Roman. Mo ti fẹ́ máa kùn nígbà tí iná kú. Iná tàn padà, kí ni mo rí? Bàbá Pósí! Undertaker dúró gbọin lẹ́yìn The Rock, ó gbé e lọ́rùn sókè, ó fi í gbá ilẹ̀, iná tún kú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pariwo débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Ká ní Màmá Àgbà ṣì wà láyé, sílípáàsì méjèèjì ni wọn ì bá jù.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí, torí nínú gbogbo ohun tí mo ti wò láti ọdún mélòó kan, òun ló gún régé jù. Roman ní àga lọ́wọ́. Cody wà nílẹ̀, kò lè gbéra. Seth Rollins náà wà níbẹ̀, aṣọ tí òun àti Roman jọ máa ń wọ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ló wọ̀ wá. Ní 2014, Seth fi àga lu Roman lẹ́yìn, ó da ọ̀rẹ́ rú. Roman wo Cody. Ó wo Seth. Bẹ́líìtì wà lọ́dọ̀ Cody, ẹ̀san wà lọ́dọ̀ Seth. Ó yí padà, ó fi àga lu Seth lẹ́yìn. Kó tó yíjú, Cody ti dìde. Ọjọ́ 1,316 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àga ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n dá Roman nìkan. Inú ara rẹ̀ ni ìṣubú náà ti wá. Ẹni tó kọ èyí gbọ́n.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, Gunther ará Austria pàdánù bẹ́líìtì Intercontinental tó ti gbé fún ọjọ́ 666 sọ́wọ́ Sami Zayn. Ó ṣubú bí igi ìrókò, ó sì fi ìyẹn sọ Sami di èèyàn ńlá. Ẹ fi orúkọ Gunther sí ìkáwọ́ yín, màá padà sí i.

2025 wá dé. John Cena, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ní 2002, tó ń fi ọwọ́ juwọ́ síwájú ojú rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó rí òun, ti sọ ní Toronto ní 2024 pé 2025 ni òun máa fi ìjàkadì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ní Toronto kan náà, ó dì mọ́ Cody, The Rock fún un ní àmì, ó sì gbá Cody nísàlẹ̀ ìdí. Áàkítọ̀ ogún ọdún ó lé di bọ́ọ̀sì lójú wa. Ọmọ mi tó ń wọ fìlà Cena lọ sí ilé-ìwé bọ́ fìlà, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní háà, ìtàn dé!

Ìtàn ò dé. The Rock dá iná sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ní WrestleMania 41 ní Las Vegas, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, mo ṣe àìsùn títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ láti wo bí Cena ṣe máa gba bẹ́líìtì kẹtàdínlógún, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ta ló wá yọ? The Rock kọ́ o. Travis Scott ni, olórin. Olórin wá dá ìjà bẹ́líìtì àgbà rú, Cena tún gbá Cody nísàlẹ̀ ìdí, ó fi bẹ́líìtì lù ú lórí, ó tán. Ẹ jẹ́ kí n fi òṣùwọ̀n Màmá Àgbà wọ̀n ọ́n: Cody ṣubú, kí ni ìṣubú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Kò fún Cena ní nǹkan kan, torí olórin ló bá a gbà á. Olórin náà ò sì padà wá jẹ́jọ́. Ìṣubú tó ṣòfò ni. Ní SummerSlam, àpéjọ ńlá wọn mìíràn, oṣù kẹjọ, ní New Jersey, wọ́n tún àwọn méjèèjì so pọ̀, Cody gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà, ìjà ọ̀hún sì dára gan-an. Ìgbà náà gan-an ni mo wá bínú jù, torí wọ́n jẹ́ kí n rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní Las Vegas yẹn kan náà, kí agbo Cena tó gba ìdájí wa, àwọn obìnrin mẹ́ta ti jà: Iyo Sky ará Japan tó ni bẹ́líìtì, Bianca Belair, àti Rhea Ripley ará Australia. Mi ò lè fi ẹnu ròyìn rẹ̀ tán. Ẹ̀rín ni mo ń rín, bí ẹni tó rí owó he. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Rhea gbé Bianca, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ilẹ̀. Kí ó tó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, Iyo ti wà lórí òpó, ó ta òkìtì ẹ̀yìn, ó balẹ̀ lé Bianca lórí. Ẹni tí wọ́n dá ni Bianca. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjà yẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi jà mọ́. Ẹ tún fídíò náà wò, ẹ wá mọ ìgbà tí ìka ṣẹ́: ẹ ò ní mọ̀. Kò jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tiwa, mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín torí ẹ̀ wá.

Ní 2021, WWE mú Apollo Crews, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀yà Tiv ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọba. Ní WrestleMania 37 wọ́n kó ìlù yí ríìngì ká, wọ́n pe ìjà náà ní "Nigerian Drum Fight." Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlù! Ní ilẹ̀ tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, tó ń kì, tó ń búni, ní ti àwọn wọ̀nyí, ohun tí wọ́n fi ìlù ṣe ni kí wọ́n máa gbé ara wọn lù ú. Bí wọ́n ṣe ń jà ni òmìrán kan yọ tó ran Apollo lọ́wọ́, wọ́n ní "Commander Azeez" ni. Ẹ mọ orúkọ òmìrán náà gan-an? Babatunde Aiyegbusi. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Poland ni ìyá rẹ̀, Poland ni wọ́n bí i sí. Bàbátúndé wà nílẹ̀, wọ́n lọ wá Kọmáńdà.

Omos náà wà, Tolulope Omogbehin, tí wọ́n bí ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà méje àti íǹṣì mẹ́ta. WrestleMania kan náà ni òun àti AJ Styles ti gba bẹ́líìtì àwọn oníméjì-méjì. Lẹ́yìn náà? Wọ́n gbé e fún Bobby Lashley, ó dá a. Wọ́n gbé e fún Brock Lesnar ní 2023, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dá a. Wọ́n gbé e fún Seth Rollins lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó dá a. Àwọn ìṣubú yẹn fún àwọn mẹ́ta náà ní nǹkan, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fẹ́ kí ìṣubú rẹ̀ níye lórí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró. Igi tí ẹ ò jẹ́ kó ga, ta ni yóò wá wò ó nígbà tí ẹ bá gé e? Ó di ìgbà tí ó lọ sí ilé iṣẹ́ Noah ní Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 kí n tó tún rí i kó rẹ́rìn-ín tọwọ́tọwọ́ pẹ̀lú bẹ́líìtì.

Ẹ̀kẹta ni Oba Femi. Isaac Odugbesan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó, ṣọ́ọ̀tùpútù ló ń jù fún Yunifásítì Alabama kí WWE tó mú un. Kí n tó sọ ìjà rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ orúkọ tí wọ́n fún un, torí ó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Ọbáfẹ́mi la mọ̀. Ohùn òkè ló wà lórí "bá" yẹn: ọba ló fẹ́ mi, orúkọ ẹni tí ọba fẹ́ràn ni. WWE là á sí méjì, wọ́n ní Oba lọ́tọ̀, Femi lọ́tọ̀, wọ́n wá ń pè é ní "The Ruler." Ó ti di Ọba Fẹ́mi nìyẹn, ohùn orí "ba" ti wálẹ̀. Ẹni tí ọba fẹ́ràn lánàá ló di ọba fúnra rẹ̀ lónìí, ohùn kan ṣoṣo ló bọ́. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ó wù mí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ìyàwó mi ní mo ti sọ ọ́ tó ìgbà mọ́kànlá, kí n má sọ ọ́ níbí. Mo sì ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Omos. Ní NXT, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn tó ń bọ̀, wọ́n fara balẹ̀ sí i. Ó gba bẹ́líìtì North American ní oṣù kìíní 2024, ó dì í mú di oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2025 ó gba bẹ́líìtì àgbà NXT ní Los Angeles, ó dì í mú fún ọjọ́ 263 kí Ricky Saints tó dá a. Ní oṣù kejìlá ó gbà á padà lọ́wọ́ Ricky kan náà. Ọ̀nà tó fi ń parí ìjà, tó ń gbé èèyàn sókè bí àpò gàrí kó tó fi gbá ilẹ̀, "Fall From Grace" ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo bó ṣe máa ń rìn jáde: kì í kánjú. Kò ní ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, kò sí ìlù tí wọ́n ń gbá orí mọ́. Wọ́n jẹ́ kó dúró, igi náà ti ga.

A dé ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2025, gbọ̀ngàn Capital One Arena, Washington. Alẹ́ ìkẹyìn John Cena. Aago méjì òru ni ní tiwa. Mo ti ra dátà sílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, mo ti fi agolo mílíìkì gbé fóònù ró mọ́ ògiri. Wọ́n ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá jà pẹ̀lú àwọn tó ti dé: Cody Rhodes tó ni bẹ́líìtì àgbà, pẹ̀lú Oba Femi. Oorun kúrò lójú mi. Wọ́n wọ̀yá ìjà, Ọbáfẹ́mi gbá Cody kiri bí ẹni ń gbá ilẹ̀, èrò ń hó, àfi bí Drew McIntyre ṣe já wọlé tó dá gbogbo rẹ̀ rú. Ó tán. Kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tó ṣubú. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọn ò fẹ́ kí Cody pàdánù, wọn ò sì fẹ́ ba Ọbáfẹ́mi jẹ́. Ṣùgbọ́n ìjà tí ẹnikẹ́ni ò ti ṣubú, oúnjẹ tí wọ́n fi hàn ọ́ tí wọ́n tún gbé padà sí ilé ìdáná ni.

Lẹ́yìn náà ni Cena jáde, ẹni ọdún 48, láti bá Gunther jà. Gunther yìí ti lé Goldberg, àgbà oníjàkadì kan, sílé ní oṣù keje. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n jà. Gunther fi apá dì í lọ́rùn, Cena jà, ó yọ, Gunther tún dì í, ó tún yọ. Ní ìkẹyìn, ojú Cena ń pa dé. Gbogbo ilé ń kígbe pé kó má gbà, torí ohun tó ń wí fún wa fún ogún ọdún nìyẹn, ó wà lára aṣọ, ó wà lára fìlà: má ṣe juwọ́ sílẹ̀ láé. Ẹ̀rọ àwòrán súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ló fọwọ́ lù ú pé òun gbà. Ó lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé gbiná. Wọ́n hó lé Triple H, ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà fún WWE, lórí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i ò ṣeé sọ níwájú àwọn àgbà. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jà lórí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbin ni, pé Cena yẹ kó borí lọ sílé. Mo ní ó tì. Òfin àwọn oníjàkadì ni, ó ti wà kí wọ́n tó bí mi: ẹni tó ń lọ a fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ẹni tó kù. Cena ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn láyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gbé orí sókè mọ́. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, lójú tèmi, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé òun ń san án ni.

Ibi tí mo ti bá àwọn tó hó dọ́gba ni ẹni tí wọ́n san án fún. Gunther ti yó! Ó ti gbé bẹ́líìtì ọjọ́ 666, ó ti jẹ́ ọ̀gá káríayé, ó ti lé Goldberg sílé. Ogún ọdún òkìkí Cena wà nínú abọ́ lálẹ́ yẹn, wọ́n gbé e síwájú ẹni tó ti jẹun tán, Ọbáfẹ́mi sì wà lẹ́yìn aṣọ títa nínú ilé kan náà, ìjà rẹ̀ tí kò parí ṣì ń gbóná lára rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: Cena lókè lọ́wọ́ Ọbáfẹ́mi, kó wá bọ̀ nílẹ̀, gbì! Ẹyọ kan péré. Wọn ì bá tún hó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́wàá sí i, a ì bá ṣì máa sọ ọ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo rí i pé mo ti sún mọ́ fóònù débi pé èémí mi ti bo ojú rẹ̀. Mo ń wá Cena. Ó dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sáàárín ríìngì, ó kí wa bí sójà, ó lọ.

Bàbá, mo rí i pé ẹ ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Gunther. N kò mọ̀ bóyá ẹ ò gbà ni tàbí ẹ gbà. Ẹ bá mi gbé maikirofóònù dé ọ̀dọ̀ wọn.